Bí ọmọ ṣe ń wọ yunifásítì ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti bó ṣe ń dé ẹnu iṣẹ́

Yunifásítì kò wọ́n ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. FUTA ti wà ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1981. Yunifásítì Adekunle Ajasin wà ní Àkùngbá Àkókó, OAUSTECH wà ní Òkìtìpupa, UNIMED àti Yunifásítì Adéyẹmí tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ wà nílùú Oǹdó, Elizade wà ní Ìlárá, Achievers sì wà ní Ọ̀wọ̀. Àmọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ súnmọ́ ilé ẹni ọ̀tọ̀, kí ọmọ ẹni wọ ibẹ̀, kó jáde, kó sì ríṣẹ́ gidi ṣe, ọ̀tọ̀ ni. Ètò tó wà láàárín méjèèjì pọ̀. Bí a bá tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a óò rí i pé ibi tí ètò náà bá ti ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé "ta lo mọ̀?", ibẹ̀ ni ọmọ ẹni tí kò lẹ́nì kankan ti ń kọsẹ̀. Wọ́n ti mú ìbéèrè yìí kúrò láwọn ibì kan, ó sì hàn. Ó ku ibì kan tó ṣì le.

Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ ni JAMB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1978. Ọmọ nílò kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, kí Gẹ̀ẹ́sì wà lára rẹ̀, kí Ìṣirò náà sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, àti máàkì tó tó ohun tí yunifásítì ń fẹ́. Bí wọ́n ṣe ń pín àyè lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ bíi FUTA, nínú ọgọ́rùn-ún àyè, 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. Àyè 35 jẹ́ ti àwọn ọmọ agbègbè tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà fún. Ọmọ Oǹdó wà lára wọn ní FUTA. Àyè 20 tó kù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà mọ́ èyí tí ẹ̀kọ́ wọn ṣì ń rẹ̀yìn, Oǹdó kò sì sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí máàkì kan náà fi lè mú ọmọ wọ yunifásítì ní Àkúrẹ́, tí kò sì ní tó láti mú un wọ òmíràn ní òkè Ọya.

Láti ọdún 2017, orí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CAPS ni gbogbo ìgbaniwọlé ti ń wáyé. Yunifásítì á dábàá orúkọ ọmọ, JAMB á yẹ̀ ẹ́ wò, á fọwọ́ sí i, ọmọ náà á sì lọ sórí ìkànnì fúnra rẹ̀ láti sọ pé òun gbà á. Àyè tí kò bá gba orí CAPS kọjá, òfo ni, bó ti wù kí ẹni tó bá ọmọ wá a jẹ́ èèyàn ńlá tó. Èyí jẹ́ àǹfààní gidi fún ọmọ tí kò mọ ẹnì kankan nínú ọgbà.

Àmọ́ CAPS ní ohun kan tó ń fa ẹkún lọ́dọọdún. Ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ fún JAMB nígbà tí èsì WAEC rẹ̀ kò tíì jáde gbọ́dọ̀ padà lọ sí ibùdó CBT, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò JAMB lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn tí èsì náà bá ti jáde, kí wọ́n bá a gbé e sórí ìkànnì JAMB. Bí kò bá ṣe é, CAPS kò ní rí èsì kankan lórúkọ rẹ̀, yunifásítì kò sì ní lè dábàá rẹ̀. Àwọn ọmọ tí máàkì wọn dára wà lára àwọn tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, nítorí wọ́n fọkàn balẹ̀ pé àwọn ti yege. Olùkọ́ girama kan tó bá sọ gbólóhùn yìí fún kíláàsì SS3 rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

JAMB nìkan kọ́ lọ̀nà. Ẹni tó gba ND ní Rufus Giwa ní Ọ̀wọ̀, ẹni tó ní NCE, tàbí ẹni tó ṣe ìdánwò A-level bíi JUPEB tàbí IJMB lè gba ọ̀nà Direct Entry wọ ọdún kejì. Fún àwọn afọ́jú, JAMB gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní 2017 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola, tó ń ṣètò ìdánwò tiwọn lọ́tọ̀, pẹ̀lú ìwé oníbíréèlì àti àwọn tó ń ka ìbéèrè sí wọn létí. Ọ̀nà tí àgbàlagbà máa ń gbàgbé ni NOUN, yunifásítì tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé, tó ní ibùdó ní Àkúrẹ́. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, wọ́n tún jí i dìde ní 2002. Kò béèrè UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB. Ìyá tó ń tajà ní Ọjà Ọba lè forúkọ sílẹ̀ bí ó bá ní kírẹ́díìtì rẹ̀, kó máa kàwé lálẹ́, kó sì máa lọ sí ibùdó nígbà ìdánwò.

Owó ló kàn. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 fi ìlànà méjì sílẹ̀ tí ìbá ti ba ètò náà jẹ́. Wọ́n ní owó tó ń wọlé fún ìdílé ọmọ lọ́dún kò gbọdọ̀ tó ₦500,000, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ wá oníduròó méjì: òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ìpele 12, lọ́yà tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, tàbí adájọ́. Ẹ wo ọmọ apẹja láti Ìlàjẹ tí wọ́n ní kó lọ wá adájọ́. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n yọ méjèèjì kúrò. Oníduròó kò sí mọ́, ọmọ ẹni tó ń gbowó oṣù náà lè béèrè. NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, ló ń bójú tó ètò náà, wọ́n sì ṣí ìkànnì rẹ̀ ní 24 oṣù karùn-ún ọdún yẹn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò nira. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà matric, NIN àti BVN rẹ̀ wá. Ìkànnì á bá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò ó bóyá orúkọ náà wà níbẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ láàárín orúkọ tó wà lórí NIN àti èyí tó wà ní yunifásítì, ìbéèrè náà lè há síbẹ̀, nítorí náà kí ọmọ tún un ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í gba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọjá, tààrà ló ń lọ sínú àpò ilé-ẹ̀kọ́. Owó oúnjẹ àti wíwọkọ̀, ₦20,000 lóṣù, ni wọ́n ń san sí àkáǹtì ọmọ náà, bí ó bá béèrè fún un. Èlé kò sí lórí rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló wà fún, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ Elizade tàbí Achievers kò lè gbà á. Yàtọ̀ sí NELFUND, OSOPADEC, àjọ ìpínlẹ̀ Oǹdó fún ìdàgbàsókè agbègbè epo, ń fún àwọn ọmọ agbègbè tí wọ́n ti ń wa epo ní Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò ní bọ́sárì, owó tí wọn kò ní dá padà.

Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ìjọba ti gbìyànjú láti mú iṣẹ́ súnmọ́ ìwé. Ìlànà ẹ̀kọ́ CCMAS tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde ní ìparí ọdún 2022 fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ sọ́wọ́ NUC, ó sì fi 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó jẹ mọ́ àyíká rẹ̀ kún un. Inú 30 yìí ni kòkó, òkúta Àkúrẹ́ àti ọ̀dà Àgbàbú ti yẹ kó wà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ohun yòówù kó máa kọ́, ló sì ń ṣe ẹ̀kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀. Ó dára, àmọ́ bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó sínú gbọ̀ngàn kan láti gbọ́ bí a ṣe ń ṣe ọṣẹ, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kan ọṣẹ, ìdánwò lásán ni wọ́n ṣe.

Ibi tí ọwọ́ ti ń kan iṣẹ́ ni SIWES, tí gbogbo èèyàn ń pè ní IT. ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí kíkọ́ èèyàn níṣẹ́, ló dá a sílẹ̀ ní 1973, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn ọmọ tó ń jáde mọ ìwé, wọn kò mọ iṣẹ́. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ fún ọdún márùn-ún ń lọ ní ìdajì kejì ọdún kẹrin wọn, oṣù mẹ́fà gbáko. Yunifásítì á fún akẹ́kọ̀ọ́ ní lẹ́tà, akẹ́kọ̀ọ́ á gbé e lọ sí ilé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ á kọ̀wé pé àwọn gbà á, akẹ́kọ̀ọ́ á dá ìwé yẹn padà fún yunifásítì. Olùkọ́ kan á lọ bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá parí, wọ́n á kún fọ́ọ̀mù kẹjọ ti ITF, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ìròyìn, á sì dúró níwájú àwọn olùkọ́ ẹ̀ka rẹ̀ láti ṣàlàyé ohun tó ṣe.

Ìwé tó ṣe pàtàkì jù ni logbook. Ojoojúmọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ohun tó ṣe sínú rẹ̀, ó ń yàwòrán rẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á kọ èrò tirẹ̀, á sì fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká wo ojú ewé méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn odi Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ Ajé ó kọ jíjìn ihò tí wọ́n lu sínú àpáta, àlàfo tó wà láàárín ihò kan àti èkejì, àti ìdí tí wọ́n fi dín àlàfo náà kù níbi tí òkúta ti le jù. Ó ya àwòrán bí àwọn ihò náà ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Ẹnì kejì kọ ọ́ pé: "A ṣe ẹ̀dà ìwé fún oníbàárà." Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó tún kọ ọ́. Ní Ọjọ́rú, bákan náà. Kíláàsì kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá béèrè lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ọdún méjì pé kí lẹ ti ṣe rí, ọ̀kan ní ìdáhùn, ìkejì kò ní.

Ẹnì kejì yẹn kò ya ọ̀lẹ. Òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kó lọ wá ibi tó máa lọ. Lẹ́tà tí wọ́n fún un kò lórúkọ ilé iṣẹ́ kankan lórí. Ẹni tí àbúrò ìyá rẹ̀ wà nílé iṣẹ́ epo ní Port Harcourt ti mọ ibi tó ń lọ kí lẹ́tà tó jáde. Ẹni tí kò lẹ́nì kankan á gbé lẹ́tà kiri, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì, kò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Bí ó bá tilẹ̀ rí i ní Èkó, owó ilé oṣù mẹ́fà ń dúró dè é, owó kékeré tí ìjọba ń fún ọmọ IT kì í sì í tètè dé. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá ti ń lọ, á wọ ibi tó súnmọ́ ọn jù. Báyìí ni CAPS ti gba ọmọ yìí wọlé láìbéèrè ẹni tó mọ̀, tí NELFUND san owó rẹ̀ láìbéèrè oníduròó, tí ìbéèrè náà tún wá dúró dè é ní ọdún kẹrin, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú ọgbà. Ọdọọdún ni olùkọ́ ń lọ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n mọ àdírẹ́sì àwọn ilé iṣẹ́ yìí, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ àti ibi tí wọ́n kàn ń rán an lọ ra oúnjẹ. Tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá kó èyí jọ sínú ìwé kan, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri fún àwọn ọdún kẹta, tó sì kọ lẹ́tà tààrà sí ilé iṣẹ́ dípò lẹ́tà aláìlórúkọ, ìdajì wàhálà náà á dínkù. Àwọn tó ti jáde ní FUTA ti pọ̀ káàkiri ilé iṣẹ́. Àyè méjì péré láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ti di ọ̀gá á tó gba ọ̀pọ̀ ọmọ. Kó tó di pé ìyẹn ṣẹlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lẹ́nì kankan ṣì lè bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kẹta: kó máa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ilé iṣẹ́ kòkó, ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀nà nílé ìjọba, nígbà ìsinmi, kó bá wọn ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ẹni tí ọ̀gá ti mọ ojú rẹ̀ kò nílò kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ fún un.

Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí ni NYSC. Ìkàrẹ́ Àkókó ni àgọ́ ti Oǹdó wà, láti 2012 sì ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ níṣẹ́ ọwọ́ lábẹ́ SAED. Ẹni tó ti lé ní ọdún 30 nígbà tó jáde, bíi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ NOUN, máa gba ìwé ìdásílẹ̀, kò ní sin ìlú. Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni ẹ̀yáwó NELFUND ń bẹ̀rẹ̀ sí í padà: agbanisíṣẹ́ á máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ẹni náà títí gbèsè á fi tán. Ẹni tí kò bá ríṣẹ́ kò ní owó oṣù tí wọ́n lè yọ ọ́ lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú owó tó ń padà yìí ni wọ́n fẹ́ máa yá àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.