Ta ló sọ pé mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà tó ń gbé inú igbó kì í gbára lé ẹnikẹ́ni?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé mọ́ńkì, ìyẹn ẹni tó fi ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn Búdà, tó bá ti wọ igbó lọ ti bọ́ lọ́wọ́ ayé pátápátá: ihò àpáta nilé rẹ̀, èso igi loúnjẹ rẹ̀, kò bá ọba da nǹkan kan pọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí dé òkè Ritigala ní Siri Láńkà.

Òótọ́ ni pé àwọn mọ́ńkì ayé àtijọ́ gbé inú ihò àpáta níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ló ni àwókù ilé mọ́ńkì táwọn èèyàn ń lọ wò lónìí. Ọba Sena Kìíní, tó jọba ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ló kọ́ ọ fún àwọn Pamsukulika, ìyẹn àwọn mọ́ńkì tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àkísà tí aráyé ti sọ nù làwọn á máa rán wọ̀. Ìwé ìtàn àwọn ọba ilẹ̀ náà ò sì fi bò: ó ní ọba fún wọn ní ohun èlò tó yẹ ọba, ó fún wọn ní òṣìṣẹ́, ó tún fi ẹrú kún un. Alákìísà tó lẹ́rú!

Iṣẹ́ ibẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Adágún ńlá kan wà nísàlẹ̀ òkè tí wọ́n fi òkúta tò yíká bí àtẹ̀gùn. Ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ tẹ́ gba inú igbó gòkè lọ síbi àwọn pèpéle tí wọ́n kọ́ ní méjìméjì, tí afárá òkúta so pọ̀.

Kò sí ère Búdà níbẹ̀, kò sí òkìtì bíríkì ràgàjì tí wọ́n ń pè ní stupa, tí wọ́n fi ń bọlá fún Búdà, bíi tàwọn ilé mọ́ńkì ìlú. Ẹni tó bá ní olè ló kó wọn, kó sọ fún wa bí olè ṣe ń gbé òkìtì bíríkì sá. Wọn ò kọ́ ọ rárá ni. Òpó wọn ò lọ́nà lára. Òkúta tí wọ́n ń tọ̀ sí nìkan ni wọ́n gbẹ́ ọnà sí. Àwọn kan ní títọ̀ sórí ọnà yẹn ni wọ́n fi ń tẹ́ńbẹ́lú àwọn mọ́ńkì ìlú tó fẹ́ràn fàájì. Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ àlàyé àwọn ará òde òní ni.

Anuradhapura, olú ìlú, ni agbára ọba tó ń tọ́jú wọn wà. Nígbà táwọn ará Chola láti gúúsù Íńdíà gba ìlú náà ní nǹkan bí ọdún 993, ẹni tí yóò máa bọ́ wọn ò sí mọ́, Ritigala sì dahoro.