Ara Ríro Kọ́ Ni Ẹ̀rí Pé Agbára Ń Pọ̀ Sí I

Ẹ wọ jíìmù èyíkéyìí láàárọ̀, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀. Ẹnì kan á ní itan ń ro òun débi pé òun ò lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Ẹnì kejì á ní òun ò mọ nǹkan kan lára láti àná, ojú rẹ̀ á fà ro, bí ẹni tó ti fi owó ṣòfò. Kóòṣì á wá dá a lóhùn pé, “Fọkàn balẹ̀, wàá mọ̀ ọ́n lára lónìí.” Wọn á tún fi òwe tì í lẹ́yìn: ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí àwọn tó ń sapá jù lọ ni ìgbàgbọ́ pé ara ríro ni ẹ̀rí agbára ń fìyà jẹ.

Pé gbígbé irin ń fúnni lágbára, ìyẹn kì í ṣe àríyànjiyàn mọ́. Láti 1945 ni Thomas DeLorme, dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ jáde bí òun ṣe ń fi irin tó ń wúwo sí i díẹ̀díẹ̀ tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara pa. Ohun tó kù tí a ń bi ara wa ni kí la ó fi mọ̀ pé agbára náà ń pọ̀.

Ọ̀pọ̀ tó ń fi ìrora ṣe òṣùwọ̀n ò mọ ohun tó ń fà á. Èyí tí mo ń gbọ́ jù ni pé lactic acid, èròjà kan tí ara máa ń ṣe nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́ líle, ló dúró sínú iṣan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn iṣẹ́ ni ìyẹn ti máa ń lọ sílẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ìrora tí à ń wí yìí kì í dé títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ó sì lè le sí i títí di ọjọ́ kẹta. Ní 1983, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Schwane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn kan sáré lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wọ́n sì tún sáré lórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀. Eré ilẹ̀ títẹ́jú ló gbé lactic acid sókè nínú ẹ̀jẹ̀, ara ò sì ro wọ́n. Eré ìsọ̀kalẹ̀ ò gbé e sókè, òun ló sì fi ìrora sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Bí ẹ bá ń gùn ún, mímí ló máa ń ṣòro, ẹ ó máa dúró sinmi. Bí ẹ bá ń sọ̀, èémí á ti balẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú itan á máa gbọ̀n. Ibẹ̀ gan-an ni ìrora ọjọ́ kejì ti wá. Bí ẹsẹ̀ kan ṣe ń lọ sí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, iṣan itan ẹsẹ̀ kejì ń nà, ó sì tún ń di ìwúwo ara yín mú kí ẹ má bàa já lulẹ̀. Iṣan tó ń nà lábẹ́ ẹrù, tí iṣẹ́ náà sì ṣàjèjì sí i, òun ló máa ń ro jù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí tí ẹ bá ń sọ ọ̀pá irin kalẹ̀ sí àyà. Ẹ tún òkè yẹn gùn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìrora náà á ti dín kù gan-an, torí pé ara ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ìrora ń sọ fún wa, ní pàtàkì, ni pé a ṣe ohun tí ara ò mọ̀, tàbí pé a ṣe é ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Kóòṣì tó bá ń yí iṣẹ́ padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lè mú kí ara máa ro yín títí ọdún á fi parí, kí ẹ má sì lè sọ bóyá ẹ lágbára ju ti oṣù kìíní lọ. Olùṣèwádìí mìíràn, Flann, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní 2011: wọ́n kọ́kọ́ fi iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ mú àwọn kan mọ́ra kí iṣan wọn má bàa fara pa, wọ́n sì ti àwọn yòókù bọ iṣẹ́ líle tààrà. Níkẹyìn, iṣan ìhà méjèèjì dàgbà, agbára wọn sì pọ̀ sí i, láìsí ìyàtọ̀ kan gbòógì. Àwọn tí wọ́n dán an wò ò pọ̀, mi ò sì ní sọ pé ó parí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní láìsí ìrora kò sí èrè, òun ló kù kó mú ẹ̀rí wá.

Ìwé kékeré kan àti bírò ni mo fara mọ́. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ iye kílò, ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ gbé e. Bí ẹ bá fi 60 kílò ṣe squat (kí ẹ gbé irin lé èjìká, kí ẹ lóṣòó, kí ẹ sì dìde) nígbà 8 lóṣù yìí, tí ẹ wá ṣe é nígbà 10 lóṣù tó ń bọ̀, agbára ti pọ̀ sí i, ì báà ro yín, ì báà má ro yín. Ìṣirò Epley, tí ọ̀pọ̀ kóòṣì ń lò, ní kí ẹ pín iye ìgbà sí 30, kí ẹ fi 1 kún un, kí ẹ fi ìyẹn sọ iye kílò di púpọ̀. Á fún yín ní 76 fún ti àkọ́kọ́ àti 80 fún ìkejì, ìyẹn kílò tó ṣeé ṣe kí ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àfojúbù ni, ẹ má fi búra. Ẹ sì rí i pé bí ẹ ṣe lọ sílẹ̀ tó nígbà àkọ́kọ́ lẹ lọ sílẹ̀ nígbà kejì, torí squat tí kò délẹ̀ a máa bu iyì kún nọ́ńbà lásán. Nígbà tí Folashade Oluwafemiayo, ọmọ Nàìjíríà tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀ gbé irin nínú ìdíje Paralympics, gbé 167 kílò ní Paris ní 2024, tó gba góòlù, bí ó ṣe sọ irin náà kalẹ̀ sáyà àti bí ó ṣe gbé e dìde ni àwọn adájọ́ wò.

Nọ́ńbà náà ò péye lójoojúmọ́. Oorun tí kò tó, ààwẹ̀ àti ooru lè mú un wálẹ̀, nítorí náà ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan wé ara wọn, ẹ má fi ọjọ́ kan wé ọjọ́ kejì. Ara ríro náà ní ìwúlò tirẹ̀: bó bá le débi tí ẹ ò fi lè ṣe iṣẹ́ ọjọ́ tó kàn bó ṣe yẹ, ẹ ti ṣe é jù.

Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi ṣeré ni ìrora tó kọjá ààlà. Bí apá tàbí itan bá wú, tí kò lágbára mọ́, tí ìtọ̀ sì dúdú bí tíì, ó lè jẹ́ pé iṣan ń bàjẹ́, tí ohun inú rẹ̀ sì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ má lo ibuprofen, oògùn ìrora, sí i, òun náà lè ni kíndìnrín lára. Ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ máa lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ fún dókítà irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe.