Bí Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Lọ Nílé Àwọn Aláìnílé ní Ifẹ̀ Lásìkò Ọlidé

Sáà méjì ló wà nínú ọdún ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀: sáà ọyẹ́ àti sáà òjò. Bí ìdánwò bá ti parí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a di ẹrù, wọ́n a gbalé lọ. Àwọn kan a dúró sẹ́yìn, wọ́n a lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílé tí wọ́n ti ń gba àwọn tí kò ríbi forí pamọ́ sí. Ẹni tó ń wò wọ́n lókèèrè lè rò pé oúnjẹ ni wọ́n kàn ń lọ bù fún èèyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ni aṣojú wọn ti gbọ́dọ̀ lọ rí màtírọ́ọ̀nù ilé náà. Ìbéèrè kan ló yẹ kó gbé lọ: “Mà, iṣẹ́ wo ló ń wọ̀ yín lọ́rùn jù?” Wọ́n lè ti ṣètò láti wá kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, kó sì jẹ́ pé ẹni tí yóò fọ ìbora ni Mà ń wá. Ìbora náà ni kí wọ́n fọ̀. Ọ̀rọ̀ ibùsùn tiwọn náà tún wà ńlẹ̀, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín díẹ̀: bí wọ́n bá ti ilé ìgbé inú ọgbà pa, ẹni tó fẹ́ lọ ran aláìnílé lọ́wọ́ ní láti kọ́kọ́ wá ọ̀rẹ́ tó háyà yàrá sí Damico tàbí Asherifa níta ọgbà, kó lọ bá a há síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín iṣẹ́: ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti alẹ́. Ti alẹ́ ni èèyàn kì í fẹ́ gbà.

Ibi tí iṣẹ́ ti le jù ni aṣọ. Ẹni tó ti ń sun ìsọ̀ ọjà tipẹ́ lè gbé kòkòrò tíntìntín wọlé, èyí tó ń lu awọ ara, tí ara á máa yún un, pàápàá lóru. Bí wọ́n bá tọ́jú òun nìkan, ẹni tó bá a sun yàrá á tún kó o padà ràn án. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ará yàrá fi ń para lóògùn lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n á kó ìbora, aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ ọrùn wọn sínú omi gbígbóná. Bí omi náà bá ju 50°C lọ, kòkòrò náà kì í pẹ́ kú. Ọwọ́ ò lè gba irú omi bẹ́ẹ̀, igi ni wọ́n fi ń rò ó, kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Èyí tí omi gbígbóná lè bà jẹ́, wọ́n á dì í mọ́nú ọ̀rá fún bí ọ̀sẹ̀ kan, torí kòkòrò yìí kì í sábà lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ láìrí ara èèyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Oògùn kò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń wà ní 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí wọ́n mú un lọ.

Fọ́tò ńkọ́? Bí ọmọdé bá wà níbẹ̀, kí fóònù wà nínú àpò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ní abala 8, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀. Àgbàlagbà náà ní ojú tí ń tini: ta ló fẹ́ kí ará ilé òun rí òun lórí Facebook pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì ọ̀fẹ́ lọ́wọ́? Ìlérí ṣíṣe náà tún léwu. “Màá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀” lè jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kí wọ́n tó padà sí kíláàsì, ìwé àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń fà lé Mà lọ́wọ́: ta ló ń lo oògùn wo, ta ni dókítà ní kó padà wá, ọ̀rá wo ni wọn kò tíì tú, àti ọjọ́ tí wọ́n á tú u.