Ṣọ́ọ̀bù Kan Péré Tó Ṣófo

Bí èèyàn bá fẹ́ ra ilé ìṣòwò, ìyẹn ilé tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀bù inú rẹ̀ yáni, bí yóò ṣe wá a, tí yóò dúnàá-dúrà, tí yóò sì fọwọ́ sí ìwé kò ṣòroó mọ̀. Ẹni tó bá ti ra ilé gbígbé rí ti rí gbogbo ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń mọ iye tí ilé ìṣòwò tó. Bó bá jẹ́ ilé gbígbé, iye tí wọ́n ta èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wò. Ilé ìṣòwò ní tirẹ̀, owó tó ń mú wọlé ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń ra irú ilé bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó ń ra adìyẹ tí kò wo ìyẹ́ rẹ̀ rárá: ẹyin ló ń kà, lẹ́yìn náà ló ń yọ owó àgbàdo tí adìyẹ ń jẹ kúrò.

Àgbàdo yìí ni ọ̀pọ̀ onílé tuntun ń gbàgbé. Wọ́n á ro owó gbogbo ṣọ́ọ̀bù pọ̀, wọ́n á pè é ní èrè. Kì í ṣe èrè rárá. Ká sọ pé owó ilé ọdún kan jẹ́ 100 nígbà tí ṣọ́ọ̀bù gbogbo kún. Inú rẹ̀ ni owó orí ilé, adójútòfò, àtúnṣe, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀ṣọ́, ìgbálẹ̀ àti owó ẹni tó ń bójú tó ilé ti ń jáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá gba 40, ó ku 60. A ò tíì dárúkọ ẹ̀yáwó o. Ọ̀pọ̀ báńkì ń fẹ́ kí ohun tó kù yìí tó ìlọ́po 1.25 owó tí onílé yóò máa san fún wọn lọ́dún. Ìyẹn ni pé 60 kò lè gbé ju 48 lọ. Ó wá ku 12 fún onílé, inú 12 yìí kan náà ló sì ti gbọ́dọ̀ máa fi díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ tí òrùlé tàbí lífítì bá gbó.

Wàyí o, ayálégbé kan tó ń san 15 kó jáde. Adìyẹ kì í dín oúnjẹ kù nítorí pé ẹyin dín. Owó orí ò yí padà, ẹ̀ṣọ́ ṣì ń gba owó oṣù. Ìyókù di 45, báńkì sì ń retí 48. Onílé á ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀ mú 3 jáde. Bí ẹni tó lọ bá sì ti ń dá owó ìtọ́jú ibi àjọlò, ìpín rẹ̀ padà sọ́rùn onílé náà nìyẹn.

Ìyẹn ló hàn sójú. Ẹ jẹ́ ká wo iye ilé fúnra rẹ̀. Bí àwọn tó ń rà ládùúgbò yẹn bá ń fẹ́ kí owó wọn mú 8 wọlé lórí 100, ilé tó ń mú 60 wọlé tó 750, torí wọ́n á pín 60 pẹ̀lú 0.08. Èyí tó ń mú 45 wọlé tó 562.5. Búlọ́ọ̀kù kan ò jábọ́, ọ̀dà ò ṣá, síbẹ̀ 187.5 ti lọ. Gbèsè tó jẹ́ 450, tó jẹ́ 60 nínú 100 iye ilé lánàá, ti di 80 nínú 100 lónìí. Bí ìwé ẹ̀yáwó bá sọ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá 70, báńkì lè ní kí onílé dín gbèsè kù kíá, bí kò tilẹ̀ jẹ oṣù kan ṣoṣo.

Nítorí ìṣirò yìí ni kì í fi í yá onílé tó gbọ́n lára láti dín owó ilé kù. Bí ayálégbé tuntun bá fẹ́ san 12 dípò 15, ohun tó bá 3 yẹn lọ lára iye ilé jẹ́ 37.5. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún un ní oṣù mẹ́fà ọ̀fẹ́ nínú àdéhùn ọdún márùn-ún, 7.5 ni onílé pàdánù, ẹ̀ẹ̀kan péré, 15 ṣì wà nínú ìwé. Ọgbọ́n ni, àmọ́ ó súnmọ́ ẹ̀tàn. Nínú 60 oṣù, 54 ni ayálégbé sanwó fún, nítorí náà owó tó ń san gan-an jẹ́ 13.5 lọ́dún.

Ẹni tó ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà ń fi 15 yẹn hàn. Kó má gba àkọsílẹ̀ ẹni tó ń tà nìkan gbọ́. Kó tó sanwó, kí ayálégbé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé kan fúnra rẹ̀: iye tó ń san, ọjọ́ tí àdéhùn rẹ̀ yóò parí, owó ìdúró tó fi sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé nígbà tó ń wọlé, oṣù ọ̀fẹ́ tó ṣẹ́kù, àti ìlérí yòówù tí wọ́n ṣe fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdéhùn. Kó to àwọn ọjọ́ ìparí yẹn tẹ̀lé ara wọn. Bí àdéhùn mẹ́rin nínú mẹ́fà bá parí lọ́dún kan náà, kó tún iye tó fẹ́ san ṣírò pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tó ṣófo.