Bí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Ṣe Yìnyín fún Eré Síkì ní Ọgbà Ìlú

Oṣù Èrèlé ọdún 2024 ni ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún eré síkì orí pápá, ìyẹn eré fífi pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, wáyé ní ọgbà Theodore Wirth, ní ìlú Minneapolis, l'Amẹ́ríkà. Ọdún 2020 ló yẹ kó ti wáyé níbẹ̀, kòrónà ni kò jẹ́. Síkì yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń yọ̀ bọ́ látorí òkè. Ẹsẹ̀ àti apá ni eléré fi ń ti ara rẹ̀ lọ. Ìgbà òtútù ọdún náà kò mú rárá. Yìnyín díẹ̀ bọ́ nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ ó kàn kun ojú ilẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n sáré lé lórí, ẹ̀rọ ló ṣe é.

Ẹ̀rọ náà dà bíi fáànù ńlá tí wọ́n kì bọ inú àgbá. Ihò wínníwínní yí ẹnu rẹ̀ ká, omi ń tú jáde níbẹ̀ bí ìrì. Àwọn ihò mìíràn ń tu omi tí wọ́n pò mọ́ afẹ́fẹ́ tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti fún pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá ti rí ọ̀nà jáde, a tutù wọ̀ǹ lójijì, omi tó bá a jáde a sì di hóró kéékèèké. Hóró wọ̀nyí ni irúgbìn tí ẹ̀kán omi yòókù ń dì mọ́ kí wọ́n tó balẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀rọ ló ń mú omi dì bíi fíríìjì. Rárá o, afẹ́fẹ́ ìta ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹni tó ti bu omi àmù mu nígbà ọyẹ́ á tètè lóye rẹ̀: ara àmù ń làágùn, ọyẹ́ ń fa òógùn náà gbẹ, omi inú rẹ̀ sì ń tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀kán omi tó ń fò lófuurufú. Ìdí nìyí tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó wà ní 0 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì fi lè mú yìnyín wá, tí ti -1 tí kùrukùru bò kò sì ní ṣe é. Òṣìṣẹ́ a na apá kóòtù rẹ̀ síbi tí yìnyín ń bọ́ sí. Bí hóró bá ta dànù, ó dáa. Bó bá tẹ́ pẹ̀ẹ́ sára aṣọ, omi ti pọ̀ jù nìyẹn.

Hóró yìí kò ní ẹ̀ka bí ìràwọ̀ bíi ti ojú ọ̀run. Róbótó ni, ó sì ki. Ó fi ìlọ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ wúwo ju yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ, kì í sì í tètè yọ́. Wọ́n á kó o jọ bí òkìtì, omi á ro kúrò lára rẹ̀, kí katakata tó tẹ́ ẹ.

Ọ̀nà tó gùn ní kìlómítà 2.5, tó fẹ̀ ní mítà 5, tí yìnyín rẹ̀ ga ní ìdajì mítà, á gba omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3 lítà. Owó iná rẹ̀ kì í ṣe kékeré, àríwísí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù sì nìyẹn, kì í ṣe ti omi, nítorí púpọ̀ nínú omi náà á padà sínú ilẹ̀ bí yìnyín bá yọ́. Síbẹ̀, ọmọ iléèwé lè wọ bọ́ọ̀sì dé ọgbà àárín ìlú lẹ́yìn ilé ìwé. Ta ni yóò máa gbé e lọ sí òkè jíjìn lójoojúmọ́?

Ibi tó yẹ kí owó lọ ni pọ́ǹpù tó ń ti omi lọ sínú ẹ̀rọ. Bí otútù bá mú fún òru mẹ́ta péré kí ọdún tó parí, ọgbà tí pọ́ǹpù rẹ̀ lágbára á ti parí ọ̀nà rẹ̀. Èyí tí páìpù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ á ṣì wà ní ìdajì nígbà tí ooru bá padà dé.