Bí oòrùn ṣe ń ya àwòrán ewé sórí ìwé fótò àtijọ́

Ìwé fótò black and white tó ti lé lógún ọdún nínú páálí, èyí táwọn onífótò ń lò kí fótò aláwọ̀ tó gba gbogbo ìlú, kò tíì kú o. Ẹni tó bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ṣiṣẹ́ fótò rí ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìjerò, kó lọ bi í bóyá ó ṣì ku díẹ̀ nílé, torí kì í ṣe nǹkan téèyàn ń dáná sun rárá. Oòrùn àti ewé tó láti fi ya àwòrán sórí ẹ̀, kò sí kámẹ́rà, kò sí dáàkùrúùmù, ìyẹn yàrá òkùnkùn táwọn onífótò ti ń fọ fótò, iná NEPA ò sì kàn án. Lumen print làwọn tó ń ṣe é ń pè é.

Fàdákà ló wà lára ìwé yẹn. Wọ́n ti pa á pọ̀ mọ́ chlorine tàbí bromine tó fi di iyọ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n wá pò ó mọ́ gelatin tí wọ́n ń yọ lára egungun àti awọ màlúù, tó máa ń dì bí omi ẹsẹ̀ màlúù tó sùn mọ́jú nínú ìkòkò, wọ́n fi ra ojú ìwé. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kan iyọ̀ yìí, fàdákà á bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀, èyí tó já sílẹ̀ yẹn ló ń ṣú. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, nǹkan bíi 1717 ni Johann Heinrich Schulze ará Jámánì ti rí i pé ìmọ́lẹ̀ ló ń fà á, kì í ṣe ooru, nígbà tó sì fi máa di 1839, William Henry Fox Talbot nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń tẹ́ ewé àti léèsì sórí ìwé tó fi iyọ̀ àti fàdákà ra.

Kí ló wá dé tí déètì tó ti kọjá ò fi ṣe nǹkan kan? Ní dáàkùrúùmù, ìmọ́lẹ̀ fìrí ni wọ́n ń fún ìwé, ojú ò ní rí nǹkan kan lára ẹ̀, developer, ìyẹn omi oògùn tí wọ́n fi ń fọ fótò, ló máa sọ fàdákà bíńtín yẹn di púpọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìwé tó ti gbó ti ń dójú tini, torí ooru ilẹ̀ wa ti já fàdákà tóótòòtó sílẹ̀ káàkiri inú ẹ̀, developer ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti àwòrán yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti ogbó, ó máa sọ gbogbo ẹ̀ di aláwọ̀ eérú ni. Nínú oòrùn, kò sẹ́ni tó pe developer. Oòrùn fúnra ẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, àbàwọ́n ogbó yẹn kéré ju ohun tójú lè rí lọ.

Ewé tútù ló dáa jù, ewé ẹ̀gẹ́, ìbẹ́pẹ, ọmu etí odò. Inú yàrá tí kọ́tìnnì bò ni kéèyàn ti tò ó sójú ìwé tó ń dán, kó fi gíláàsì férémù tẹ̀ ẹ́ pinpin, kó wá gbé e síta. Oòrùn ọ̀sán Èkìtì máa ń ga lókè dáadáa jálẹ̀ ọdún, nítorí náà ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́ta tó, àmọ́ tí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run tàbí tó bá jẹ́ oṣù keje tí òjò ò fi wá lọ́rùn sílẹ̀, á gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ewé bò á mọ́, ìyókù á ṣú. Àwọ̀ tó ń jáde ló dùn mọ́ mi nínú jù, pupa rẹ́súrẹ́sú, àlùkò, búráùn, ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí aró kankan níbẹ̀, bí ẹyọ fàdákà yẹn ṣe tóbi tó ló ń pinnu àwọ̀. Omi ara ewé náà máa ń dá sí i, ó ń fi àmì sílẹ̀ níbi tó bá ti sun sí.

Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á máa ṣú lọ ni. Hypo àwọn onífótò, ìyẹn kẹ́míkà tó ń jẹ́ sodium thiosulfate, ló ń dá a dúró, òun ló ń fọ iyọ̀ fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ ò kàn kúrò, John Herschel ló ṣàwárí agbára ẹ̀ ní 1819. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe Hypo tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun o, ìyẹn máa jẹ àwòrán náà run. Hypo onífótò máa ń pa àwọ̀ dà, á sì jẹ́ kó ṣí díẹ̀, torí náà kéèyàn jẹ́ kí oòrùn pa á kọjá bó ṣe fẹ́ kó rí, kó sì fi fóònù ya á kó tó rì í. Lẹ́yìn náà ni kó fi omi ṣàn án dáadáa.

Abọ́ tí wọ́n bá lò ò gbọ́dọ̀ padà sí kíṣìnnì mọ́. Omi hypo tó kù, fàdákà ti wà nínú ẹ̀, kí wọ́n má dà á sódò tàbí sẹ́bàá kànga, kí wọ́n ju kànrìnkàn onírin tó máa ń dípẹtà sí i fún ọjọ́ díẹ̀, fàdákà náà á jáde kúrò nínú omi, á gba ipò irin.