Ohun tí táyà ń sọ nípa ọkọ̀ bọ̀gìnnì tó ti dàgbà

Ní ìsọ̀ fọganáísà kan lójú ọ̀nà Ṣàgámù ní Ìkòròdú, wọ́n tú táyà iwájú kan sílẹ̀ lára Mercedes-Benz W124, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní V-boot. Ẹni tó bá wò ó lóòró yóò ní táyà náà ṣì dára. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ rà á láti etí ìta lọ sí etí inú, ó ń dán bọ̀rọ́. Bí a bá fi ọwọ́ kan náà rà á padà, ó ń gún ni bí ẹnu ayùn. Táyà ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó ní wíìlì kò kọjú síwájú gbọọrọ mọ́, ṣe ni ọkọ̀ ń wọ́ òun nílẹ̀ bí òun ṣe ń yí. Bí wọ́n bá gbé tuntun síbẹ̀ láì ṣe nǹkan mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni tuntun yóò ṣe jẹ.

Ìdí nìyí tí ríra táyà fún irú ọkọ̀ yìí kì í fi í bẹ̀rẹ̀ ní ìsọ̀ onítáyà. Abẹ́ ọkọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láàárín 1984 sí 1995 ni wọ́n ń ṣe V-boot. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, apá irin márùn-ún ló di wíìlì kọ̀ọ̀kan mú, búùṣì rọ́bà sì wà ní oríkèé àwọn apá náà. Rọ́bà wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ náà rìn bí ẹni tó jókòó lórí tìmùtìmù. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó ti lo ogún ọdún yóò le, yóò sán, ihò ojú ọ̀nà yóò sì bá a parí iṣẹ́. Nígbà tí búùṣì bá ti kú, wíìlì kò ní ibi pàtó tó ń dúró sí mọ́: bí a bá tẹ bíréèkì, ó yà síbí, bí a bá tẹ iná, ó yà sọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ṣe aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títo wíìlì kó kọjú síbi tó yẹ, lórí irú búùṣì bẹ́ẹ̀ kàn da owó sómi ni, nítorí ohun tí ẹ̀rọ tò sójú kan kò ní dúró níbẹ̀ dé òpin àdúgbò.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Kí wọ́n fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, kí wọ́n gbé irin tó lágbára tì í, kí ẹnì kan wá di òkè àti ìsàlẹ̀ táyà mú, kó mì í. Bó bá ń ṣe kọ̀, bíárì tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ni. Kó di apá ọ̀tún àti apá òsì mú, kó tún mì í. Bó bá ń mì, tairọ́ọ̀dù, irin tí sítíárì fi ń yí wíìlì, ló ti ń bàjẹ́.

Ojú táyà fúnra rẹ̀ tún ní oríṣiríṣi èdè. Bí àárín bá jẹ ju etí méjèèjì lọ, ó ti pẹ́ tí atẹ́gùn ti ń pọ̀ jù. Bí etí méjèèjì bá jẹ tí àárín ṣẹ́kù, atẹ́gùn ni kò tó. Bó bá rí gbágungbàgun, kòtò níbí, òkìtì lọ́hùn-ún, ṣọ́ọ̀kì ni kí a kọ́kọ́ fura sí, tàbí báláǹsì tí kò péye. Èyí tó burú jù ni etí inú tó pá láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ní ẹ̀yìn V-boot, tí sípíríìngì bá ti rẹ̀, tí ọkọ̀ sì lọ sílẹ̀, òkè wíìlì á tẹ̀ sínú, etí inú táyà nìkan ni yóò sì máa ru ẹrù. Àfi kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ dáadáa kó tó rí wáyà irin tó ti ń yọjú.

Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà kàn. 195/65 R15 ni ọ̀pọ̀ V-boot ń lò. 195 ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà. 65 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. 15 ni ìwọ̀n rìmù ní ínǹṣì. Bí wọ́n bá ní 195 kò sí, kí a gba 205/65 R15, yóò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n táyà náà ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní mílímítà 13. Nígbà tí ọwọ́ spíídì bá wà lórí 100, ọkọ̀ ń sá 102. Ìyẹn ṣì kéré. Èyí tí kò ṣeé fojú fò ni nọ́ńbà àti lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, irú bíi 91H. 91 túmọ̀ sí pé táyà kan lè ru kílógíráàmù 615. H sì túmọ̀ sí pé kò gbọdọ̀ sá ju kìlómítà 210 ní wákàtí kan lọ. Kí a má ṣe gba èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ti ọkọ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ọjọ́ orí táyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níparí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Nọ́ńbà mẹ́rin ni: 1418 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2018. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ táyà ní in, nítorí náà kí a yí i wò kí wọ́n tó fi sórí rìmù. Tokunbo lè ní eyín tó nípọn tó sì ń dán bí ẹ̀pà tí wọ́n fi òróró pa, kó sì ti dàgbà ju ọdún 10 lọ. Afẹ́fẹ́ àti ooru ti jẹ ẹ́ nínú. Ìlà tínńtínńtín tó bá ń sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rí.

Nígbà kan, Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, Michelin sì ń ṣe tirẹ̀ ní Port Harcourt. Michelin kógbá sílé ní 2007, Dunlop dáwọ́ dúró ní 2008. Láti ìgbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó táyà wá. Kí àyè má bàa ṣòfò, àwọn kan ń ki táyà kékeré sínú ńlá, bí ẹni ń ki abọ́ bọnú abọ́. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti ń pariwo lórí ìwà yìí, ó sì tọ́, nítorí ìkìbọ̀ yẹn ń tẹ okùn irin etí táyà, a ò sì ní mọ̀ títí yóò fi bẹ́ lójú eré. Táyà tí etí rẹ̀ wọ́, kí a dá a padà fún ẹni tó ni ín, kódà bó bá jẹ́ tuntun.

Bí owó bá tó méjì péré, ẹ̀yìn ni tuntun ń lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi síwájú nítorí pé ibẹ̀ ni sítíárì wà, ṣùgbọ́n lójú òjò, bí táyà ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ yọ̀, ọkọ̀ yóò fì yípo, kò sì sí awakọ̀ tó rọrùn fún láti dá a dúró. Ohun tó ń fa omi kúrò lábẹ́ táyà ni ilà ojú rẹ̀. Nígbà tí ó bá ku mílímítà 1.6, òkìtì kéékèèké tó wà nínú ilà náà yóò ti bá ojú táyà dọ́gba. Ó ti parí nìyẹn.

Ní ti atẹ́gùn, Mercedes kọ ọ́ sí inú ìdérí ibi tí a ń da epo sí. Òun ni kí a sọ fún fọganáísà, kì í ṣe iye tó bá ṣáà ti wù ú. Àárọ̀ ni kí a wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn. Táyà tó ti gbóná láti Máìlì 12 wá sí Ìkòròdú yóò fi iye tó pọ̀ ju òtítọ́ lọ hàn, bí a bá sì tú u dànù, kò ní tó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí wọ́n má sì fi tíúbù sínú táyà tí kò nílò tíúbù nítorí pé rìmù ń jò. Rìmù ni kí wọ́n tún ṣe.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Òróró bíréèkì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ọdún méjì-méjì ni a ń pààrọ̀ rẹ̀. Omi lásán kọ́ ni ti rédíétọ̀, kúláǹtì ni. Kí a sì máa fọ ihò tí a ń ki jáàkì bọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń jẹ V-boot.

Nígbà tí wọ́n bá ń dá wíìlì padà, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí bóòtù márààrún wọlé, kí wọ́n wá máa fún wọn le ní ìdojúkọ-ìdojúkọ, kí wọ́n má ṣe mú wọn tẹ̀ lé ara wọn yípo. Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, bíi ìrìn Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ gba Ìtóìkín, kí a dúró, kí a tún fún wọn le lẹ́ẹ̀kan sí i.